Ẹ̀rọ Omi tí Ione Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Fọ̀

Ní Windward, ní erékùṣù Carriacou, kò sí odò, kò sí orísun kankan. Omi tí òjò bá rọ̀ sórí páànù ilé yín lẹ ó mu, òun náà lẹ ó fi sebẹ̀, òun náà lẹ ó fi wẹ̀. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá dé, ẹ ó mọ ẹni tó fẹ́ràn yín. Nítorí náà, wọn kì í fi táńkì omi ṣeré níbẹ̀. Èèyàn lè má kun ilé rẹ̀ lọ́dà títí tí yóò fi kú, ṣùgbọ́n yóò mọ táńkì sìmẹ́ńtì sábẹ́ rẹ̀ ná.

Táńkì Ione ló tóbi jù ní àdúgbò wọn. Urias ọkọ rẹ̀ ló mọ ọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ione yìí, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Cosnel, ẹja ló ń là, tó ń fi iyọ̀ pa, tó ń sá sórí àpáta létí òkun. Iyọ̀ ti bó o lọ́wọ́, oòrùn ti sun ún lójú, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ kó ráhùn. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ omi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bó bá ṣí táńkì, tó rí tanwíjí kan ṣoṣo tó ń jó nínú omi, ariwo ni. Á bú ẹ̀fọn, á bú ìyá ẹ̀fọn, á sì ki ìgò bílíìṣì mọ́lẹ̀. Gbogbo Windward ló ń da bílíìṣì sómi kó lè pa kòkòrò, ìdérí ìgò kan péré. Ọwọ́ Ione ní tirẹ̀ wúwo.

"Omi Ìyá Cosnel nìyẹn," àwọn aládùúgbò á ní. "Bó o bá mu ún tán, o ò ní láti fọ eyín mọ́."

"Ẹni tí omi mi bá pa, kó wá bá mi ṣẹjọ́," lèsì tirẹ̀.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín jù. Ohun tó sọ obìnrin náà dà bẹ́ẹ̀ kò kéré. Urias àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Sylvan ló jọ lọ pẹja lọ́nà jíjìn nígbà kan. Ẹ́ńjìnnì kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ìṣàn òkun sì gbá wọn lọ sápá ìwọ̀-oòrùn. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ló wà pẹ̀lú wọn. Nígbà tó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀, Urias ní òun kò mu mọ́, kí Sylvan máa mu ún, torí ìyàwó Sylvan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá kan fi máa rí wọn, Sylvan ń mí. Urias kò mí mọ́. Sylvan fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn rẹ̀ fún Ione. Ó kúnlẹ̀ sínú ọgbà rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ione wò ó títí.

"Ìwọ lo mu ún," ló wí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn ṣì kéré. Lọ́dún tí ẹ̀ẹ̀rùn le, tí táńkì àwọn mìíràn gbẹ fúrúfúrú, ìyàwó Sylvan gbé korobá wá sẹ́nu ọ̀nà Ione. Ione wo korobá, ó wo ìyàwó náà, ó sì pa ìdérí táńkì rẹ̀ dé. Háà! Ní Windward, ẹ lè jà lórí ilẹ̀, ẹ lè jà lórí ọkọ, ẹ̀yin méjèèjì á ṣì bu omi fúnra yín. Àwọn àgbà bá a wí, àlùfáà bá a wí, ó fàáké kọ́rí. Ẹni tó bá fẹ́, kó pè é ní ìkà. Ọkọ rẹ̀ ló kú, ọkọ tiwọn ń bẹ nílé.

Báyìí ni Cosnel ọmọ rẹ̀ ṣe dàgbà, tó kan ọkọ̀ tirẹ̀, tó sọ ọ́ ní Sùúrù. Ẹja ti tán ní tòsí. Ọmọ náà ní òun fẹ́ lọ síbi tí bàbá òun ń lọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí ẹkòló, á sá. Ká má tíì wá sọ pé ejò yẹn gan-an lọmọ fẹ́ lọ bá níhò.

"O ò ní lọ," ló wí, "àfi bí ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi mímu bá wà nínú ọkọ̀ yẹn. Èmi ni mo sì máa yàn án."

"Màmá, kí lẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ?"

"Mo mọ̀ nípa òùngbẹ."

Ni wọ́n bá jọ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí St. George's, ní erékùṣù ńlá, sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọkọ̀. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ lẹ́nu dáadáa. Ó kọ́kọ́ gbé asẹ́ kan síwájú wọn, ó ní asẹ́ náà ń yọ ìdọ̀tí, ó ń yọ kòkòrò àìsàn.

"Ṣé ó ń yọ iyọ̀?" Ione bi í.

"Rárá o, mà. Ti iyọ̀ yàtọ̀."

"Gbé e kúrò níwájú mi."

Ó wá mú wọn lọ sídìí ẹ̀rọ ńlá kan tó ń dán. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, omi á máa ya jáde bí omi ẹ̀rọ ilé olówó. Wọ́n lè fi wẹ̀, wọ́n lè fi fọ ọkọ̀. Ojú Cosnel tàn. Ó ti ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń pa ajá lórí.

"Bí ẹ́ńjìnnì bá wá kú ńkọ́?" Ione béèrè.

"Á dúró, mà. Agbára ẹ́ńjìnnì ló ń lò."

"Ó dáa. Kí ẹ́ńjìnnì kú, kí ẹ̀rọ kú, kí ọmọ mi wá ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọn. Kí ló tún kù nílẹ̀?"

Ọkùnrin náà họ orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ẹ̀rọ kékeré kan yọ lábẹ́ tábìlì, tó ní ọwọ́ irin gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní bátìrì ló ń lò, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá kú, èèyàn lè máa fi ọwọ́ irin yẹn fún omi jáde. Ó kàn jẹ́ pé omi rẹ̀ kì í yára, ẹ̀kán ni yóò máa kán.

Cosnel bú sẹ́rìn-ín. "Màmá! Kí n tó fún ife kan jáde, màá ti làágùn ife méjì!"

Ọlọ́jà náà rẹ́rìn-ín. Ione kò rẹ́rìn-ín.

"Làágùn ẹ," ló wí. "Bàbá ẹ ò rí òógùn kankan là nígbà tó yá."

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ irin yẹn ni wọ́n rà.

Ione jáde lọ di àyè mú nínú ọkọ̀ èrò. Ìgbà tó jáde tán ni ọlọ́jà pe Cosnel sẹ́yìn. Ó ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ń bẹ nínú ẹ̀rọ yìí, awọ yẹn ló ń dá iyọ̀ padà. Bí wọ́n bá lò ó tán, kí wọ́n fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án, ṣùgbọ́n kí bílíìṣì má kàn án láéláé, torí bílíìṣì á jẹ awọ náà, iyọ̀ á sì máa kọjá. Cosnel ní òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́. Kò kàn sí lọ́kàn rẹ̀ láti sọ fún ìyá rẹ̀. Ta ni yóò rò pé màmá máa lọ fọwọ́ kan ẹ̀rọ?

Ṣùgbọ́n àṣà kan wà ní Windward. Ẹni tó bá fún ọkọ̀ tuntun ní nǹkan, ì báà ṣe ìgbòkun, ì báà ṣe ìdákọ̀ró, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi da ọtí tàbí omi rin nǹkan náà kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọtí líle lọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ione ní òun kò ní da ọtí sínú ohun tí ọmọ òun máa mu. Alwyn mẹkáníìkì ti de ẹ̀rọ náà mọ́ inú ọkọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ń kó yìnyín sínú àpótí ẹja, Ione pọn omi korobá kan láti inú táńkì rẹ̀. Ó wo omi náà. Omi tí ẹ̀rọ ọmọ òun máa kọ́kọ́ mu nìyí, kò gbọdọ̀ ní àrùn kankan nínú. Ó tún da bílíìṣì kún un, ọwọ́ wúwo tirẹ̀ yẹn, lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wọnú ọkọ̀, ó ti rọ́bà tí ẹ̀rọ fi ń fa omi bọ korobá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọwọ́ irin náà. Apá ń ro ó, kò dúró. "Urias," ló ń wí, "máa wo ọmọ ẹ. Mo ti fún un lómi. Mi ò jẹ́ kó lọ bó o ṣe lọ." Ó fún un títí korobá fi gbẹ. Òórùn bílíìṣì gba gbogbo inú ọkọ̀, ó dùn mọ́ ọn nímú. Ẹni tó bá da omi síwájú ni í tẹ ilẹ̀ tútù. Ó ti pẹ́ tí inú obìnrin náà ti dùn tó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Sùúrù ṣí láàárọ̀, Cosnel àti àwọn méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ̀ Windward yòókù sì gba erékùṣù Bequia lọ fún eré ìdíje ọkọ̀ ọdún Àjíǹde, èbúté wá dá páropáro.

Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí Alwyn tó yà wá mú sípánà kan tó gbàgbé sínú ahéré ẹja Ione. Ione fún un ní búrẹ́dì àti ẹja, ó sì ń ròyìn bóun ṣe fọ ẹ̀rọ náà mọ́ tónítóní. Alwyn ń jẹun lọ.

"Omi wo lẹ fi fọ̀ ọ́, Àǹtí Ione?"

"Omi wo tún ni? Omi ilé mi ni."

Alwyn gbé búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ mì. "Ṣé èyí tó ń run bílíìṣì yìí?"

"Mo tún fi díẹ̀ kún un kó lè mọ́ dáadáa. Kí ló dé tó ò ń wò mí báyẹn?"

Ọkùnrin náà kò mọ bí òun yóò ṣe sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ṣá. Ó sọ nípa awọ, ó sọ ohun tí bílíìṣì ń ṣe sí i. Ione ní irọ́ ni, bílíìṣì kì í ba omi jẹ́, bílíìṣì ló ń tún omi ṣe. Alwyn ò bá a jiyàn. Ó ní, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ṣebí kẹ́ẹ̀gì omi wà lọ́wọ́ wọn." Ló bá wọ ahéré lọ mú sípánà rẹ̀. Kò yára jáde. Nígbà tí Ione wọlé bá a, kẹ́ẹ̀gì omi Cosnel ló ń wò, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbogbo wọn kún dẹ́múdẹ́mú.

Cosnel ti kó omi táńkì ìyá rẹ̀ náà sílẹ̀ kó tó ṣí. Kí ló tún fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì ṣe? Ẹ̀rọ ń bẹ nínú ọkọ̀. Ó fi àyè wọn kó yìnyín sí i.

Ione jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì náà. Ká ní kò ra ẹ̀rọ fún un, ọmọ náà ìbá kó omi lọ bíi gbogbo ọkùnrin Windward. Alwyn pè wọ́n lórí rédíò títí, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní wọ́n ti jìnnà ju ibi tí ohùn lè dé lọ.

"Ọkọ̀ ta ló wà ní èbúté?" Ione béèrè.

Alwyn ní ti Sylvan nìkan ni. Ione náà mọ̀ kó tó béèrè. Láti ìgbà ikú Urias, Sylvan kì í bá wọn lọ síbi eré ọkọ̀ mọ́.

Ọ̀nà ilé Sylvan kò ju ìrìn díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó gùn lójú Ione. Ó bá a lábẹ́ igi, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Sylvan rí i, ó dìde, àwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó dúró gbọnin.

"Ìyá Cosnel," Sylvan wí.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ione tò lójú ọ̀nà fò lọ lórí rẹ̀. "Cosnel wà lójú òkun," ló wí. "Kò lómi."

"Ọ̀nà ibo ló gbà?"

"Ibi tí ìwọ àti Urias lọ."

Ọkùnrin náà kò béèrè nǹkan mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ gbé fìlà rẹ̀ wá, òun fúnra rẹ̀ sì ràn wọ́n lọ́wọ́ kó kẹ́ẹ̀gì Cosnel sọ́kọ̀. Òun yìí kan náà ni Ione pa táńkì dé mọ́ lójú lọ́jọ́sí. Ìtìjú mú Ione débi pé kò lè wò ó lójú. Alwyn ní kí Ione dúró sílé, kí òun lọ. Ione ti jókòó sáàárín àwọn kẹ́ẹ̀gì, Alwyn ló wá dúró.

Wọ́n rìn títí ilẹ̀ fi pòórá lẹ́yìn wọn. Oòrùn ń ta bí ata. Sylvan di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú, ojú rẹ̀ ń wá iwájú. Ione ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Ó rí i tí ètè rẹ̀ gbẹ, tó ń fi ahọ́n lá a. Ó tún rí i pé ọkùnrin náà kò mu nǹkan kan láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé.

"O ò lómi ni?"

"Ìkánjú ni. Mo gbàgbé tèmi sílé."

"Kí wá ni gbogbo èyí tó wà níwájú ẹ?"

"Tiyín ni, Ìyá Cosnel." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Ẹ ò tíì ní kí n mu."

Ó yẹ kí Ione bu omi fún un nígbà náà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tiẹ̀ ti dé orí ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Ni ohun àtijọ́ yẹn bá tún dìde láyà rẹ̀: omi ọmọ mi nìyí, ẹni tó mu ti bàbá tún fẹ́ mu tọmọ. Ó ká ọwọ́ kò. Sylvan rí i. Ó kàn fa fìlà rẹ̀ bojú.

"Ẹ jẹ́ ká rí ọmọ ná," ló wí.

Wọ́n rí i lápá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ìṣàn òkun ti gbá Sylvan lọ rí. Sùúrù ló ń mì lọ mì bọ̀ láàárín omi, wọn kò gbúròó ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ta tapólì bo ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn ọkùnrin méjì nà sábẹ́ rẹ̀. Cosnel nìkan ló jókòó, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí irin ẹ̀rọ. Ó gbójú sókè, ó wo ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó nu ojú rẹ̀ nù, ó tún wò ó.

"Màmá?" Ohùn rẹ̀ ti ha. "Kí lẹ wá ṣe lójú òkun?"

Ione ti gbé kẹ́ẹ̀gì kọjá sínú Sùúrù kí Sylvan tó so okùn tán. Ó fún ọmọ rẹ̀ lómi, ó di orí rẹ̀ mú bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ó ń ní kó rọra mu, kó rọra mu. Ó fún àwọn méjì yẹn náà. Cosnel ní ẹ́ńjìnnì ló kú, omi díẹ̀ tí wọ́n gbé dání sì tán. Wọ́n fún ẹ̀rọ, omi tó ti inú rẹ̀ jáde níyọ̀, wọ́n mu ún, wọ́n bì. Yìnyín inú àpótí ẹja ni wọ́n ń lá láti ìgbà náà, òórùn ẹja ni, ìyẹn náà sì ti tán. Gbogbo ẹja ti rà.

"Mi ò mọ ohun tó ṣe ẹ̀rọ yẹn," ló wí. "Mo ń fún un ṣá. Ẹ wo ọwọ́ mi. Mo ń sọ fún wọn pé màmá mi ló yàn án, ó máa ṣiṣẹ́."

Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti bó. Ione wo ọwọ́ náà, ó sì bú sẹ́kún.

"Èmi ni," ló wí. "Cosnel, èmi ni. Mo fi bílíìṣì fọ̀ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ó ń ba ẹ̀rọ jẹ́. Mo ní kó lè mọ́ ni. Èmi ni mo fẹ́ẹ̀ pa ọ́!"

Àwọn méjì yẹn gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Cosnel dì í mú, ó ní, "Ọlọ́jà sọ fún mi, mi ò sọ fún yín. Ẹ má sunkún mọ́, Màmá." Ṣùgbọ́n ẹkún náà kò dúró. Urias fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé omi fún Sylvan, Sylvan gbà á. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òun Ione wá ńkọ́? Ká ní Cosnel kú, ta ni ì bá kúnlẹ̀ sínú ọgbà òun, tí òun á sọ fún un pé ìwọ lo mu ún?

Ó nu ojú rẹ̀. Sylvan ti padà sẹ́yìn ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń so okùn tí wọ́n máa fi wọ́ Sùúrù relé, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wọn. Ètè rẹ̀ ti là, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Ione bu omi kún ife dé etí. Ó gbé e kọjá láti inú ọkọ̀ kan sí èkejì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó má baà dànù.

"Sylvan," ló wí. Ó ti pẹ́ tí orúkọ yẹn ti wọ ẹnu rẹ̀ gbẹ̀yìn.

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ó wo ife, ó wo Ione. Ó gbà á. Ó gbé e dé ẹnu, ó dúró.

"Ó ń run bílíìṣì," ló wí.

"Mo mọ̀," Ione dá a lóhùn. "Mu ún."